Ta Ló Wà Lẹ́yìn Yín?

Àwọn tó máa ń bi wá léèrè pé kí ni èèyàn ń fi Yorùbá ṣe ní yunifásítì, a ti rí èsì kan fún wọn báyìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà tó kọjá ni obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ agbaninímọ̀ràn ní agbègbè Ẹgbẹ́dá gbé iṣẹ́ wá bá àwa mẹ́rin tí a jọ ń gbé yàrá kan ní Ìgàndò. Àwọn àgbàlagbà ló ń bá ṣiṣẹ́: ìyá ọlọ́jà, awakọ̀, tíṣà, òṣìṣẹ́ báńkì tí kò fẹ́ kí ọkọ òun mọ̀ pé òun ń wá. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti dé ibi tó ń dùn wọ́n, Yorùbá ni wọ́n ń bọ́ sí. Àwọn ìbéèrè tí òun kọ́ nílé ìwé kò sì sí ní Yorùbá. Kí a jọ̀wọ́ bá òun túmọ̀ wọn.

Ìbéèrè bí ogún péré ni. Oṣù méjì gbáko la fi jà lórí wọn.

Orúkọ iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an la ti bẹ̀rẹ̀ ìjà. Agbaninímọ̀ràn ni ìwé atúmọ̀ èdè sọ pé ká máa pè é, àmọ́ ohun tó sọ fún wa ni pé ìmọ̀ràn ni nǹkan tí òun kì í sábà gbà ẹnikẹ́ni. Àwọn èèyàn á wọlé, wọ́n á jókòó, wọ́n á ní, “Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, mà,” òun á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n léèrè nípa ìgbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọdún márùn-ún. Àwọn kan máa ń wò ó bíi pé orí rẹ̀ kò pé. Ọkùnrin kan bi í pé ọ̀rọ̀ ìyàwó òun ni òun bá wá, kí ló kan ìyá òun nínú rẹ̀?

Ohun tó kan ìyá rẹ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní attachment theory. John Bowlby, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bí ní 1907, ló dá ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Ilé ọlọ́lá ni wọ́n bí i sí, irú ilé tí ìyá kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ ọmọ. Obìnrin tí wọ́n gbà síṣẹ́ láti máa tọ́jú rẹ̀ ló mọ̀ bí ẹni mowó, obìnrin yẹn sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ọmọ náà wà ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó bá àwọn wádìí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí kò nílé, ìwé tó kọ sì jáde ní 1951. Àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà gbà pé torí oúnjẹ ni ọmọ ṣe ń wá ìyá rẹ̀. Bowlby ní kò rí bẹ́ẹ̀: wíwà ìyá nítòsí, òun fúnra rẹ̀, jẹ́ nǹkan tí ọmọ nílò bó ṣe nílò oúnjẹ, ẹkún àti ìrọ̀mọ́ ni ọmọ sì fi ń fa ẹni náà mọ́ra kí ewu má baà wu ú. Ó kọ ìwé ńlá mẹ́ta lórí rẹ̀, ní 1969, 1973 àti 1980. Ó ní bí wọ́n bá ṣe dáhùn ẹkún ọmọ yìí lemọ́lemọ́ ni yóò kọ́ ọ ní ohun tí yóò máa retí lọ́wọ́ èèyàn títí tó fi dàgbà. Ọmọ tí wọ́n sábà ń dá lóhùn, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Èyí tí wọ́n ń dá lóhùn lónìí, tí wọn kò dá lóhùn lọ́la, á di ẹni tó ń rọ̀ mọ́ni bí èèmọ́, tí àyà rẹ̀ ń já ní gbogbo ìgbà pé wọ́n fẹ́ fi òun sílẹ̀. Èyí tí kò sẹ́ni tó ń dá a lóhùn, á kọ́ bí a ṣe ń dákẹ́, á sì máa sọ pé òun ò nílò ẹnikẹ́ni.

A mọ ohun tí àwọn kan nínú yín fẹ́ sọ. Ẹ fẹ́ sọ pé àwọn baba wa ti mọ èyí tipẹ́, pé wọ́n ti ní ọmọ tó ní ìyá òun kò ní sùn, òun náà kò ní fojú kan oorun. Ẹ jọ̀ọ́, a ti rẹ̀ wá díẹ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí ní ẹ̀ka wa, pé kò sí nǹkan tí aráyé wádìí tí òwe kan kò ti sọ tẹ́lẹ̀. Òwe yẹn mọ̀ pé ẹkún ọmọ lágbára. Kò sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ náà nígbà tó bá di ẹni ogójì ọdún tó ń wakọ̀ láti Ìkòtún sí Òṣòdì, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n bí ìyàwó rẹ̀ kò bá gbé fóònù lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tó wú wa lórí jù ni pé ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ lọ wo ọ̀rọ̀ yìí láti ilé dé ilé. Mary Ainsworth, tó ti bá Bowlby ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ lọ sí Ùgáńdà ní 1954. Àwọn abúlé tí kò jìnnà sí Kampala ló ń lọ, ó ń jókòó sí pálọ̀ àwọn ìyá, ó ń wo wọn pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ wọn. Ìdílé 26 ló wò, ìwé tó kọ lórí wọn sì jáde ní 1967. Ó rí i pé ọmọ á rá kúrò lọ́dọ̀ ìyá, á lọ fọwọ́ kan nǹkan, á bojú wẹ̀yìn, á padà wá di ìyá mú, á tún lọ. Ìyá ni ibi tó ti ń jáde lọ wo ayé. Secure base ni wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin náà ẹ gbìyànjú kí ẹ túmọ̀ rẹ̀. Ẹnì kan nínú wa mú “ìpìlẹ̀ tó dájú” wá, a sọ fún un pé ìyẹn dà bí ìwé ìkówójọ fún kíkọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹlòmíì ní “ìfẹ̀yìntì,” ibi tí a ń fi ẹ̀yìn tì. Ó dára gan-an, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti gba ọ̀rọ̀ yẹn lọ́wọ́ wa. Bí ẹ bá bi ìyá kan ní Ìdímù pé ta ni ìfẹ̀yìntì rẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó tí ìjọba jẹ ẹ́ fún yín. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí a tó rí i pé ẹ̀yìn gan-an ni ọ̀rọ̀ tí a ń wá. A ń pọn ọmọ sẹ́yìn. Ẹni tó ní alátìlẹ́yìn, a ní ó ní ẹni lẹ́yìn. Ẹni tí kò ní, a ní kò sí ẹni lẹ́yìn rẹ̀. Ìbéèrè tó jẹ́ ìlà mẹ́rin ní Gẹ̀ẹ́sì, nípa ẹni tí o máa ń sá lọ bá nígbà tí nǹkan bá le, di gbólóhùn kúkurú kan: nígbà tí ẹ wà ní kékeré, ta ló wà lẹ́yìn yín? Obìnrin Ẹgbẹ́dá yẹn sọ fún wa pé ẹni àkọ́kọ́ tí òun bi ní ìbéèrè yìí kò dáhùn. Ó bú sẹ́kún ni.

Àwọn yòókù kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ń béèrè ohun tí èèyàn máa ń ṣe nígbà tó bá upset ní kékeré. Ṣé inú bí i ni, àbí inú rẹ̀ bàjẹ́, àbí ọkàn rẹ̀ dàrú? Gẹ̀ẹ́sì kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ọ̀rọ̀ kan. Yorùbá ní kí o yàn. A béèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì wúlò, torí àwọn ọkùnrin kan yóò dáhùn ti inú bíbí wẹ́rẹ́, wọn kò ní rí nǹkan kan sọ lórí ti inú tó bàjẹ́. Òmíràn ń béèrè bóyá èèyàn rò rí pé àwọn òbí rẹ̀ kọ òun. Ní èdè wa, ìkọ̀sílẹ̀ ni ti ọkọ àti aya ní kóòtù. Bí o bá bi Yorùbá kan pé ṣé ìyá ẹ kọ̀ ẹ́ sílẹ̀ rí, ó ti di èébú nìyẹn, ó lè dìde kó máa lọ. Ohun tí a kọ nígbẹ̀yìn ni: “Ǹjẹ́ ìgbà kan wà tí ẹ sún mọ́ wọn, tí ẹ rí i pé ààyè yín kò sí níbẹ̀?” A ṣì ń jiyàn lórí ìyẹn.

Ti “o” àti “ẹ” náà wà níbẹ̀. Agbaninímọ̀ràn tó jẹ́ ẹni ọdún márùndínlógójì kò lè pe bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún ní “ìwọ.” Síbẹ̀ ọmọ kékeré tó wà nínú bàbá yẹn ni ó fẹ́ bá sọ̀rọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń fi “ẹ” bá ọmọ ọdún márùn-ún sọ̀rọ̀. Obìnrin náà ní òun kíyè sí i pé àwọn kan fúnra wọn ló máa ń yí i padà. Bí wọ́n bá ń sọ ohun tí ìyá wọn sọ fún wọn nígbà náà, wọ́n á ní, “Wọ́n ní, ‘Ìwọ, jókòó síbẹ̀,’” ohùn wọn á sì yí padà di ti ọmọdé. Ó ní ibẹ̀ ni òun máa ń dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ ká dé orí ìbéèrè tó dá wa dúró jù. Ní àárín àwọn ọdún 1980, Mary Main àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Berkeley, ní Amẹ́ríkà, ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan fún àwọn àgbàlagbà. Nínú rẹ̀, wọ́n ní kí o fi ọ̀rọ̀ márùn-ún júwe bí ìwọ àti ìyá rẹ ṣe rí nígbà tí o wà ní kékeré. Bí o bá ti kà wọ́n tán, wọ́n á mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: o sọ pé onífẹ̀ẹ́ ni, sọ ọjọ́ kan pàtó tó fi hàn bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ kọ́ ni wọ́n ń wọ̀n. Bí ìtàn rẹ ṣe so pọ̀ ni. Ẹni tí ìyà jẹ ní kékeré lè sọ ìtàn rẹ̀ kó yéni, kó má bo nǹkan, kó má sì rì sínú rẹ̀, wọn á sì ka irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́ ara àwọn tí ọkàn wọn balẹ̀. Ẹni tó ní gbogbo rẹ̀ dára, tí kò lè rántí ọjọ́ kan ṣoṣo tó dára, ni wọ́n máa ń fi àmì sí.

Ẹ rò ó wò. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Òrìṣà bí ìyá kò sí. Láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ wa lórin tó fi ìyá wé wúrà. Bí ẹ bá bi ọgọ́rùn-ún Yorùbá ní ọjà Ìkòtún léèrè ọ̀rọ̀ márùn-ún yìí, wúrà ni ẹ máa kó délé. Ṣé gbogbo wa ló wá ń bo nǹkan ni? Àríyànjiyàn yìí mú wa jìnnà sóru. Èrò wa ni pé oríkì yàtọ̀ sí ìrántí. Kíkì ni à ń ki ìyá bí wọ́n bá ní ká júwe rẹ̀, bí a ṣe máa ń ki ọba, ẹni tó ń kini kò sì sọ pé òun wà níbẹ̀ lójú ogun. Torí náà a dá a lábàá fún obìnrin náà pé kó jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ki ìyá wọn tán. Kó fún wọn láyè, kó bá wọn dùn sí i. Lẹ́yìn náà ni kó wá ní, “Ó dáa. Ẹ wá sọ ti ọjọ́ kan fún mi.”

A dán an wò lára ara wa, ní alẹ́ ọjọ́ kan tí iná kò sí. Ọ̀kan nínú wa, tó fún wa láyè láti kọ èyí, ka ọ̀rọ̀ márùn-ún tirẹ̀: onínúure, òṣìṣẹ́kára, olùfọkànsìn, ọ̀làwọ́, adúrótini. Ìyá rẹ̀ wà ní ìlú Manchester. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni ọ̀rẹ́ wa yìí nígbà tí ìyá náà lọ. Ìyá ìyá rẹ̀, tó ń ta èlùbọ́ ní Ìkòtún, ló tọ́ ọ. Onínúure: ó sọ ti páálí tó máa ń dé nígbà Kérésì, òórùn ọṣẹ àti bisikíìtì nínú rẹ̀, bó ṣe máa ń fi imú sínú aṣọ tuntun kó tó wọ̀ ọ́. Ọ̀làwọ́: páálí yẹn náà ni. Nígbà tí a dé orí adúrótini, ó dákẹ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó sọ ti òru ọjọ́ kan tí ibà mú un nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje. Ó ti ga ju ẹni tí wọ́n ń pọ̀n lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi ọ̀já gbà á mọ́ra, wọ́n pọ̀n ọ́n rìn dé ọ̀dọ̀ kẹ́míìsì tó wà ní ìkóríta, wọ́n kan ilẹ̀kùn títí oníkẹ́míìsì fi jí. A gbọ́ ọ tán kí òun fúnra rẹ̀ tó sọ pé, “Màmá àgbà nìyẹn. Kì í ṣe mọ́mì mi.”

Màmá àgbà ti kú ní ọdún méjì sẹ́yìn.

Àwọn kan á ní kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ẹnì kan ní ń bímọ, igba ènìyàn ní ń bá ni wò ó. Ẹ̀kọ́ Bowlby, wọ́n ní, ti ìyá kan, ọmọ kan, nínú ilé olóyìnbó ni. A fara mọ́ apá kan nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ìwádìí tí Robert Marvin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1977 lórí àwọn ọmọ ọwọ́ Hausa níhìn-ín ní Nàìjíríà fi hàn pé ọmọ kan lè rọ̀ mọ́ ju ẹnì kan lọ. Síbẹ̀ nínú gbogbo wọn, ọmọ máa ń ní ẹni tó kọ́kọ́ ń sá lọ bá, kì í sì í ṣe dandan kó jẹ́ ẹni tó bí i. Ẹni tó ń gbé e jù, tó ń bá a ṣeré jù, ni. Nítorí náà igba ènìyàn kì í ṣe àwíjàre fún ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan wà nínú igba yẹn tó ṣe pé bó bá lọ, igba ti dínkù fún ọmọ náà ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ìgbà wo gan-an ni ẹ rí igba ènìyàn ní Alímọ̀ṣọ́ kẹ́yìn? Ìjọba ìbílẹ̀ tí ìkànìyàn 2006 sọ pé èèyàn inú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan ni èyí, tí gbogbo wa sì mọ̀ pé wọ́n ti pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa náà ń rí ìyá àti bàbá ní ibùdókọ̀ Ìkòtún ní aago márùn-ún ìdájí, wọ́n ń lọ sí Erékùṣù. Ọmọ kò tíì jí. Lẹ́sìnì ni ọmọ wà títí di ìrọ̀lẹ́, ó sì ti sùn kí wọ́n tó dé. A kò dá àwọn ìyá lẹ́bi. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti fi ìwé Bowlby ti 1951 na obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́gba. Obìnrin Yorùbá ò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣiṣẹ́. Màmá àgbà ta èlùbọ́ títí. Àmọ́ ọjà gba ọmọ lẹ́yìn. Ọ́fíìsì ò gbà á, bọ́ọ̀sì ìdájí ò gbà á, físà òyìnbó náà ò sì gba gbogbo wọn.

Ọ̀rọ̀ físà yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Láàárín àwọn ọdún 1950 sí 1970 àti lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ tọkọtaya Yorùbá tó lọ kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń kàwé lọ́sàn-án, wọ́n ń ṣiṣẹ́ lóru, kò sì sí màmá àgbà nítòsí. Wọ́n ń polówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World pé àwọn ń wá ẹni tí yóò bá wọn tọ́jú ọmọ, àwọn ìdílé aláwọ̀ funfun sì ń gbà wọ́n fún owó ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Lójú àwọn òbí náà, bí ẹni fi ọmọ rán sí àǹtí ní Ìbàdàn ni. Adewale Akinnuoye-Agbaje, òṣèré tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1967, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni wọ́n gbé e fún ìdílé kan ní Tilbury. Nígbà tí wọ́n wá mú un wálé sí Nàìjíríà lọ́mọdé, kò gbọ́ èdè ẹnikẹ́ni níbẹ̀, wọ́n sì tún dá a padà sí Tilbury. Nígbà tó ń dàgbà, ó bá àwọn ọ̀dọ́ skinhead tó ń na aláwọ̀ dúdú rìn. Ó fi ìtàn yìí ṣe fíìmù tó pè ní Farming, tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn ní Toronto ní 2018. Ẹ wò ó bí ẹ bá lọ́kàn rẹ̀. Ó le. Àwọn ọmọ ìgbà náà ti di ẹni àádọ́ta, ọgọ́ta ọdún báyìí. Irú wọn ni àwọn tó ń fi ẹ̀kọ́ yìí ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń bá pàdé, àwọn tí nǹkan ṣe ẹnuure fún lójú ayé, tí wọn kò sì lè jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ wọn.

Kí wá ni agbaninímọ̀ràn ń ṣe fún irú ẹni bẹ́ẹ̀? A bi obìnrin náà, èsì rẹ̀ kò ní adùn rárá. Ó ní òun ń wà níbẹ̀ ni. Ọjọ́ kan náà, aago kan náà, àga kan náà. Bí òun bá fẹ́ rìnrìn àjò, òun á ti sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, òun á sì sọ ọjọ́ tí òun máa dé. Bowlby fúnra rẹ̀, nínú ìwé tó kọ ní 1988, fi èyí ṣáájú gbogbo iṣẹ́ oníwòsàn: kó kọ́kọ́ di ẹ̀yìn tí ẹni náà lè gbé ara lé kó tó ní kó bojú wo ohun tó ń dẹ́rù bà á. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á jọ máa wò ó bí ohun tí ẹni náà kọ́ ní kékeré, tó wúlò fún un nígbà náà, ṣe ń bá ilé rẹ̀ jẹ́ báyìí. Ohun tó sì máa ń fi hàn kíákíá ni ọwọ́ tí àwọn èèyàn fi mú òun fúnra rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kẹta, àwọn kan á ti máa pè é ní “Mọ́mì,” bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n jù ú lọ. Àwọn mìíràn á pa ọjọ́ jẹ ní gẹ́lẹ́ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé èyí tí wọ́n sunkún. Kì í bínú. Á pè wọ́n lórí fóònù, á ní aago wọn ṣì wà níbẹ̀.

Nígbà tó ń sọ èyí, Àrò ló ń bọ̀ sí wa lọ́kàn. Láti 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo ti ń jẹ́ kí àwọn aláìsàn ọpọlọ máa gbé ní àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká ní Abẹ́òkúta, lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé, wọ́n á sì máa wá gba ìtọ́jú lójúmọ́. Wọ́n ní kí ẹni tó ń bọ̀ mú ará ilé rẹ̀ kan dání, ìyá tàbí arákùnrin, tí yóò máa bá a gbé. Kò pe orúkọ Bowlby sí i. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti dàrú kò lè rí ojú rere ayé bí kò bá sí ẹni tó mọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ní àkókò tí ọ̀pọ̀ ibòmíràn ń ti irú wọn mọ́lé, èyí kì í ṣe ohun kékeré.

Ọ̀rẹ́ wa fẹ́ lọ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Obìnrin Ẹgbẹ́dá ní òun kò lè gbà á, torí òun àti àwa ti jọ ń ṣiṣẹ́, ó sì júwe ẹlòmíràn fún un ní apá Ìyànà-Ìpájà. Owó ìjókòó kan tó owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan fún wa. A dá a jọ bí àjọ, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ̀wà la jẹ fún bí oṣù kan, ó sì lọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí owó tó tán.

Ìdí tó fi ń kánjú ni pé ìyá rẹ̀ ń bọ̀ nílé ní oṣù December yìí, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún tí wọ́n sin màmá àgbà. Ní ìgbà ìsìnkú yẹn, ọjọ́ márùn-ún péré ni wọ́n lò, “Ẹ káàbọ̀, mà” àti “Ẹ ṣeun, mà” nìkan sì ni ọ̀rẹ́ wa rí sọ. Ó ní òun kúnlẹ̀ kí wọn bí ẹni kí ìyàwó pásítọ̀. Lórí fóònù ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, wọ́n á bi í pé ṣé ó ti jẹun, á ní bẹ́ẹ̀ ni mà, wọ́n á gbàdúrà, ó parí. Ẹ̀rù ń bà á pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko tí wọ́n fẹ́ lò báyìí máa kọjá bẹ́ẹ̀.

Nígbà ìjókòó kẹrin, obìnrin Ìyànà-Ìpájà bi í bóyá ó mọ bí ìyá rẹ̀ ṣe dágbére fún un. Kò mọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí. Ohun tó mọ̀ ni pé ní ọjọ́ kan wọ́n wà nílé, ní ọjọ́ kejì wọn ò sí mọ́. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni wọ́n fi irú ọgbọ́n yìí tàn: wọ́n á ní kí ìyá yọ́ jáde nígbà tí ọmọ bá ń sùn, kó má baà sunkún tẹ̀lé e. Àánú ni wọ́n fi ń ṣe é. Àmọ́ ọmọ tí wọ́n yọ́ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ lójú oorun kò ní fẹ́ sùn mọ́. Ọ̀rẹ́ wa kì í sùn bí ẹnì kan nínú wa kò bá tíì wọlé. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọlọ́dẹ ni.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn àdúrà, ó bi wọ́n. Àwa wà nínú yàrá náà, a ṣe bíi pé a ń ka ìwé. Ó ní, “Mọ́mì, ọjọ́ tí ẹ lọ, ṣé ẹ dágbére fún mi?” Wọ́n dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já. Wọ́n wá ní ó ń sùn lẹ́yìn màmá àgbà ni. Wọ́n ní àwọn àgbà ilé sọ fún àwọn pé kí àwọn má jẹ́ kó rí àwọn, pé mọ́tò ti ń fun fèrè níta. Wọ́n ní àwọn di ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì mú, bàtà ti bọ́ kúrò níbẹ̀, àwọn wá bàtà náà nílẹ̀ títí, àwọn kò rí i, àwọn sì lọ. Wọ́n ní àwọn ṣì máa ń lá àlá bàtà yẹn.

Ọ̀rẹ́ wa kò sọ “Ẹ ṣeun, mà.” Ó ní, “Àwọ̀ wo ni bàtà yẹn?” Wọ́n jọ sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀, títí owó tó wà lórí fóònù fi tán lọ́hùn-ún.

Ọjọ́ 19 oṣù December ni wọ́n máa dé. Gbogbo wa là ń lọ sí Ìkẹjà lọ pàdé wọn, a sì ti ń wá ẹni tí yóò yá wa ní mọ́tò láti Ìgàndò, nítorí àpótí.